Bàbá Ní Kí N Tà Á

"Mo ní kí o tà á! Tà á, Sìlífátù! Àbí alùpùpù ni yóò bí ọmọ tí n ó gbé jó?"

Ohùn ìyá mi ti dé ojú títì. Èmi wà nílẹ̀ lẹ́bàá kànga, mo ká ìró dé orókún, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú abọ́ kẹrosíìnì, mo ń fọ ṣéènì alùpùpù bàbá mi. N kò gbójú sókè. Bí mo bá gbójú sókè, ẹnu mi yóò là, bí ẹnu mi bá sì là, kò sí ẹni tí yóò sinmi nínú agboolé wa lọ́jọ́ náà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fọ èyí tán."

"Kí o fọ kí ni tán? Sàlámọ̀tù ti jókòó síbí látàárọ̀, ó ń retí èsì. Ọmọ ọlọ́mọ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti Àpòmù wá sí Ìkirè nítorí tìrẹ, ìwọ ń fọ irin!"

Sàlámọ̀tù ni alárinà wa. Òun náà ni ẹ̀gbọ́n Làtífù, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di pọ́ọ̀sì rẹ̀ mú bí ẹni pé a fẹ́ já a gbà.

"Ẹ má bínú, Ìyá Sìlífá," ó ní. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Bàbá wa ní kò sí obìnrin tí yóò ti orí alùpùpù bọ́ sílẹ̀ wọ ilé àwọn. Bí nǹkan yìí bá ṣì wà ní ilé yìí lọ́jọ́ níkáì, àwọn kò ní wá."

Mo yọ ọwọ́ kúrò nínú kẹrosíìnì. "Àǹtí Sàlámọ̀tù, ṣé Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́?"

"Àbí ẹnu ta ni wọn yóò fi sọ ọ́?"

"Ó dáa. Èmi náà ní ẹnu. N ó lọ bi wọ́n."

Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Àfẹ́sọ́nà tí yóò lọ ko bàbá ọkọ rẹ̀ lójú kí wọ́n tó so yìgì! Wọn yóò ní n kò kọ́ ọ. Wọn yóò ní Gàrúbà bàbá rẹ kú, ó fi ẹhànnà sílẹ̀ fún mi."

Òun ló borí níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ojú ọ̀nà kì í wọ iwájú bàbá ọkọ. Bí ó bá rí i lókèèrè, yóò borí, yóò yà bàrá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu alárinà ni ó ń gbà lọ, ẹnu alárinà ni ó ń gbà bọ̀. Ọjọ́ níkáì ni ìyàwó yóò tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ fún àdúrà, ọjọ́ náà ni bàbá yóò sì tó la ẹnu bá a sọ̀rọ̀. Mo bínú sí àṣà yìí títí, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e. Èmi tí n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rù kí wọ́n má pe ìyá mi ní aláìkọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alùpùpù ṣe dọ́wọ́ mi. Gàrúbà bàbá mi a máa ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fún àwọn télọ̀ tó wà ní àwọn ìlú orí òkè. Láti Ìkirè, yóò gba Gbọ̀ngán, yóò gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, yóò gun òkè lọ sí Èrìn, títí dé Èfọ̀n-Aláayè. Alùpùpù ará Jámánì tí ó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ló fi ń ṣe é. Ó ti dàgbà jù mí lọ. Nígbà tí bàbá mi kú ní 1984, kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀, àwọn ẹbí sì ní kí a ta nǹkan náà. Mo ní ta ni yóò máa gbé òwú lọ fún àwọn télọ̀? Mo gùn ún.

Ẹ má bi mí ta ló kọ́ mi. Ilẹ̀ ló kọ́ mi. Mo ṣubú lé e tó. Ti àtúnṣe rẹ̀ ńkọ́? Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún yọ kàbúrétọ̀ rẹ̀ tó dára, ó fi òkú kàbúrétọ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo padà lọ bá a pẹ̀lú ọmọ odó. Ó dá tèmi padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní àgbàlá, tí mo ń tú alùpùpù náà fúnra mi, tí mo ń to irin rẹ̀ sórí ẹní bí mo ṣe ń yọ ọ́, kí n lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ padà. Nígbà àkọ́kọ́, ìdè irin kan, nọ́ọ̀tì kékeré, ṣẹ́kù lórí ẹní tí n kò mọ ibi tó ti wá. Alùpùpù náà sì ṣiṣẹ́. Títí di òní n kò mọ iṣẹ́ tí ìdè yẹn ń ṣe.

Òkè Èfọ̀n ni mo ti pàdé Làtífù, ní àkókò òjò 1987.

Ẹni tí kò bá gun òkè yẹn rí, kó má bá mi jiyàn. Àpáta wà ní ọ̀tún, ọ̀gbun wà ní òsì, ọ̀nà yóò yí, yóò tún yí, ìkùukùu yóò sì bo iwájú rẹ bí aṣọ. Bí o bá ń gòkè, jíà kejì ni, kí o má kánjú, kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná pa ara rẹ̀. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, má gbára lé bíréèkì. Bíréèkì tó bá ti gbóná, ọ̀rẹ́ ojú lásán ni. Jíà kékeré ni kí o fi mú un, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ dì ọ́ mú lẹ́yìn. Bàbá mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rò pé ìtàn ló ń pa.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ akérò kan ti kú sí àárín òkè. Àwọn èrò jókòó sórí òkúta nínú òjò. Ọmọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn, tó gbé àpótí lé orí nítorí òjò, na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Èfọ̀n. Tíṣà ni mí."

Mo ṣí akoto orí mi.

"Háà! Obìnrin ni!"

"Ṣé kí n padà lọ mú ọkùnrin wá fún yín ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Èmi ò bẹ̀rù obìnrin. Òkè ni mò ń bẹ̀rù."

"Ẹ gùn ún. Ẹ di irin ẹ̀yìn mú, ẹ má di èmi mú."

Ní kọ́nà kejì, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ mi.

"Tíṣà, irin ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Irin ti tán!"

Kí á tó dé òkè, wáyà kíláàṣì, èyí tí a fi ń yí jíà, já. Mo bọ́ sílẹ̀, mo yọ wáyà àpamọ́ tí mo máa ń so mọ́ abẹ́ àga, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Tíṣà fi àpótí rẹ̀ bò mí lórí kí òjò má pa mí. Ìwé inú àpótí náà tutù. Kò gbé e kúrò.

"Ọwọ́ yín dára," ó ní.

"Dúdú ni ọwọ́ mi. Ọ́ìlì ni."

"Dúdú tó dára."

Ìgbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Èfọ̀n ni mo tó bi í ní ìlú rẹ̀. Ó ní Àpòmù. Mo ní ará Ìkirè ni mí. A wo ara wa, ẹ̀rín pa wá. A jọ gbé nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹnìkan ò mọ ẹnìkan, àfi ìgbà tí a gun òkè.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń bọ̀ ní Èfọ̀n, n ó bá Tíṣà lórí afárá kékeré ìta ilé-ìwé rẹ̀. Ó ní òun ti ń gbọ́ ìró alùpùpù mi láti kọ́nà ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá tètè ṣíwọ́, a jọ máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sílé. Bí a bá dé Èrìn, n ó pa ẹ́ńjìnì kó tutù, a ó ra ọsàn, yóò máa bó o, yóò máa fi í sí mi lẹ́nu nítorí ọwọ́ mi tó kún fún ọ́ìlì. Ẹ sọ fún mi, ọkùnrin wo ló tún kù láti fẹ́?

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo rí, tí n kò sì rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé e wọ Àpòmù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń ta ayò ní gáréèjì pariwo.

"Ẹrù Sìlífá dé o! Ẹ wá bá a sọ̀ ọ́!"

"Rọra o, ìyàwó, ẹrù rẹ fẹ́ já bọ́!"

Làtífù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dá wọn lóhùn: "Èmi rí ẹrù gbé. Ẹ̀yin, ta ló fẹ́ gbé yín?" Gáréèjì dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, Làtífù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n máa sọ òun kalẹ̀ kí a tó wọ ìlú. Mo rò pé nítorí bàbá rẹ̀ ni.

Alàájì Rùfáì ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, àgbà mọ́sálásí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó kí ọmọdé dákẹ́ ẹkún. Ní 1988, àwọn ìbátan rẹ̀ wá mọ ilé wa, Sàlámọ̀tù di alárinà, èmi náà sì di ẹni tí ń gba iṣẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: Bàbá ní kí n má gun alùpùpù kọjá nínú Àpòmù mọ́. Mo ní kò burú. Bí mo bá ti dé ẹnu ìlú, n ó bọ́ sílẹ̀, n ó máa tì í. Ẹ̀yin, ẹ ti ti alùpùpù irin Jámánì rí, pẹ̀lú ẹrù òwú lẹ́yìn, nínú oòrùn? Àwọn ọmọ gáréèjì ń wò mí. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́. Ìyẹn tilẹ̀ dùn mí ju ariwo lọ.

Iṣẹ́ kejì: Bàbá ní kí n má gun òkè mọ́. Àwọn télọ̀ Èfọ̀n ń ránṣẹ́ pé síìpù ti tán. Mo ń fi eyín pa eyín. Mo ń ta bọ́tìnì ní ọjà Ìkirè bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi kán.

Mo bá Tíṣà jà. Ẹ̀yìn ilé wa ni, lábẹ́ igi ọsàn.

"Ṣé o tilẹ̀ bá Bàbá sọ̀rọ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, Sìlífá. Mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà mi fi kan ilẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò gbọ́."

"Jẹ́ kí n lọ bá wọn. N ó kúnlẹ̀, n ó borí, n ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú kíákíá. "Ohùn jẹ́jẹ́ wo? Ìwọ? O fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni? Bàbá mi kì í gbàgbé nǹkan. Fi í sílẹ̀ fún mi." Ó yọ áńkáṣíìfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ́ìlì kúrò ní èékánná mi, ní ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ìlẹ̀kẹ̀. "Ṣé o rò pé inú mi dùn sí i? Alùpùpù yẹn ló fún mi ní ọ. Àmọ́ Bàbá ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí Bàbá?"

Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Nígbà tó lọ tán, ọkàn mi ń sọ pé, Sìlífátù, bàbá wo ló ń rí ọ tì í láàárín ìlú tí àánú rẹ kò ṣe é? Ọkàn mi tún ní, ọkọ ni o fẹ́ fẹ́ àbí bàbá ọkọ? Mo ń dá ara mi lóhùn, mo ń já ara mi nírọ́, mo fàya bí aṣọ tó há sẹ́nu síìpù.

Iṣẹ́ kẹta ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ní ọjọ́ tí mo ń fọ ṣéènì. Bàbá ní kí n tà á.

Mo tà á. Fálúyì, mẹkáníìkì kan ní Ìkòyí, ló rà á. Kí n tó gbé e lọ, mo fi sáńpépà fọ ẹnu púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo fún ṣéènì bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Bó bá gbóná, má da omi sí i lára o. Jẹ́ kó sinmi. Kò fẹ́ kí a fi agbára ta á nípàá kó tó jí. Fi ẹsẹ̀ rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí o wá tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń húkọ́ ní òwúrọ̀, ìdọ̀tí ló wà nínú kàbúrétọ̀, fi ẹnu fẹ́ ẹ..."

Fálúyì wò mí. "Àǹtí, ṣé ẹ wá tà á ni, àbí ẹ wá fà á fún ọkọ?"

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Ìkirè. N kò wọ ọkọ̀.

Níkáì bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan ní 1990. Àgbàlá wa kún. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ibi tí mo ti máa ń tú alùpùpù. Àbàwọ́n ọ́ìlì wà lábẹ́ rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀. Àwọn ará Àpòmù jókòó sí apá kan, àwọn ẹbí wa sí apá kejì, Àfáà wà láàárín. Làtífù wọ agbádá funfun, ó dára bí ẹyẹ lékeléke. Ìyá mi mú mi jáde, mo borí, mo kúnlẹ̀ níwájú Alàájì Rùfáì fún àdúrà.

Kìnnìún ni mo ń retí. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó fi ọ̀pá gbé ara dúró, tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́jú nítorí oòrùn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó gbàdúrà tán. Kò yọ ọwọ́.

"Sìlífátù, ọmọ Gàrúbà. Alùpùpù dà?"

Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo gbọ́ràn. "Mo ti tà á, Bàbá."

"O ta kí ni?"

"Alùpùpù. Bí ẹ ṣe ní kí n tà á."

Ìyá mi já mi léèékánná lẹ́yìn. Bàbá yọ ọwọ́ lórí mi.

"Èmi? Èmi Rùfáì? Ta ni mo rán sí ọ?"

Mo kàn wo Sàlámọ̀tù. Gbogbo wọn bá mi wò ó. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ já bọ́.

"Bàbá," ó ní, "Làtífù ló sọ fún mi pé ẹ ní..."

"O ò sì bi mí."

"Ta ni yóò bi yín, Bàbá? Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú wa?"

Èmi ni Bàbá kọjú sí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí bí a bá kírun Jímọ̀ tán. Bí mo bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, n ó sọ fún àwọn tó bá wà lọ́dọ̀ mi pé, ìyàwó mi ń kọjá. Nígbà tí n kò gbọ́ ọ mọ́, mo bi Làtífù. Ó ní alùpùpù ti sú ọ. Mo ní ó ṣe, mo ti ń rò ó pé lọ́jọ́ kan n ó ní kí o gbé mi dé òkè tí ọmọ mi ti rí ìyàwó." Ó yí ọrùn. "Làtífù."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí a bá wá. Tó bá yá, a ó sọ ìyókù nílé."

"Sọ ọ́ báyìí."

Làtífù wo ilẹ̀. Òógùn ti mú agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lára. "Ẹrù ni wọ́n ń pè mí, Bàbá. Ẹrù Sìlífá. Ó ti dé ẹnu àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ní Èfọ̀n." Ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn igi ọsàn yẹn gan-an. "Sìlífá, bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, ṣé ìwọ yóò gbà?"

N kì bá tí gbà. Òtítọ́ ni. Ìjà ni à bá jà, kí ọ̀kan nínú wa borí, tàbí kí a jọ gbà fún ara wa. Ó mọ̀ pé bàbá nìkan ni n kò lè bá jà, ó gbé bàbá wọ̀ bí agbádá.

Àfáà wú ikọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é. Ọjọ́ ayọ̀ ni. Sìlífátù, ó ku sàdáákì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń san fún ìyàwó. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, ìwọ ni yóò dárúkọ rẹ̀. Kí lo fẹ́ gbà?"

"Sọ pé Kùránì," ìyá mi ń sọ sí mi létí. "Ohun tí a jọ sọ nìyẹn. Sìlífá, Kùránì, jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Mo ṣí ìborùn lójú. "Àfáà, ohunkóhun tí mo bá dárúkọ?"

"Bí kò bá ti kọjá agbára rẹ̀."

"Bí mo bá ní ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ gbà á?"

"Ojú ẹsẹ̀ náà ni. Kí a má tíì so yìgì títí yóò fi san án."

"Alùpùpù Gàrúbà ni. Ó wà lọ́dọ̀ Fálúyì ní Ìkòyí. Kí Làtífù lọ rà á padà, kí ó mú un wá síbí. Kò mọ̀ ọ́n gùn, kí ó tì í. Kí ó tì í la Àpòmù já, kí ó gba iwájú gáréèjì, bí mo ṣe tì í."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó gbé e mì. Ìyá mi jókòó sílẹ̀. Làtífù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Ẹ gbọ́ ọ! Nínú oòrùn yìí! Lójú gbogbo ayé!" Ó sáré kúnlẹ̀ síwájú Alàájì Rùfáì. "Bàbá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni yóò gbọ́ sí lẹ́nu. Ẹ bá mi sọ fún un."

Bàbá kò wo ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí.

"Sàlámọ̀tù. Wá gba iṣẹ́."

Sàlámọ̀tù wá, ó bẹ̀rẹ̀, Bàbá sọ ọ́ sí i létí. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó dojú kọ àbúrò rẹ̀.

"Làtífù," ó ní, "Bàbá ní kí o bọ́ agbádá."